Mi Ò Ní Fọwọ́ sí Ọdún Mẹ́ta Yẹn

Àṣàkẹ́ mi, Adérónkẹ́ ọmọ mi,

Láti ẹ̀sítéètì wa ní Ìbà dé Òkòkòmáíkò níbi tí o wà lọ́dọ̀ Àǹtí Bísí, kò jìnnà tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ kọ lẹ́tà. Pẹ̀lú orúnkún mi yìí náà, bí mo bá fi ẹsẹ̀ rìn, mo máa dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ẹ̀wà tí ìyá rẹ gbé kaná tó jinná. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì la ti gbìyànjú láti fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì la sì pariwo. Lẹ́ẹ̀kejì, o ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, mo dúró sí kọ́rídọ̀ bí ẹni tó gba fáùlù karùn-ún tí réfírí ní kó jáde. Ìyá rẹ ló wá sọ pé, "Bàbá Rónkẹ́, ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi ìwé kíkọ kún ilé, ẹ kọ ọ̀kan tó máa wúlò."

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìdáhùn, kí o má baà máa fi ìbẹ̀rù kà á dé ìsàlẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí ejẹ́ńtì rẹ fi ránṣẹ́, tó ní kí n gbé lọ sí kóòtù, kí n búra pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni ọ́, mi ò ní fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Èmi ni mo gbé ọ jáde, tí mo sì tẹ orí ba lẹ́nu ọ̀nà kí n má baà fi igi ilẹ̀kùn kí ọ káàbọ̀ sáyé.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, mo sì mọ ohun tó lè bá a lọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sanwó gidi fún ọ lórí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ òkè òkun yẹn ń retí ìwé rẹ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, ejẹ́ńtì sì ní àwọn tí kò tíì pé ọdún méjìlélógún nìkan ni wọ́n ń wá. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà bọ́ nítorí pé èmi kọ̀. Mi ò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré rárá.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jà, o bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò lè dáhùn. O ní, "Dádì, ẹ̀yin náà ṣe é. Ọdún mẹ́rin lẹ yọ, ọdún mẹ́ta péré ni tèmi. Irọ́ yẹn náà ló ra ilé tí à ń gbé. Kí ló wá dé tí tèmi fi di ẹ̀ṣẹ̀?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Mo gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo wá ìdáhùn rẹ̀ nínú gbogbo ìwé tó wà lórí pẹpẹ ìwé mi, n kò rí i. Ayé ara mi ni mo padà lọ yẹ̀ wò. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n; fi sùúrù gbọ́ ohun tí ẹni inú kòtò fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́. O mọ̀ pé wẹ́dà ni mí tẹ́lẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, nígbà tí wọ́n pe ọ̀gá mi pé kó wá jó irin apẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù tó já ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan. A gbàgbé àkàbà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fò, mo fi ọwọ́ kan irin náà láti fi ibi tó já han ọ̀gá mi. Kóòṣì kan tó ń mu gààrí lábẹ́ igi fi síbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ, tún un ṣe."

Mo tún un ṣe.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Ogún ọdún, sà."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Màmá mi ni, sà."

"Màmá ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ orí ilé nìyẹn. Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù ẹ, mẹ́rìndínlógún ni."

Bí mo ṣe di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nìyẹn, láàárín síbí gààrí méjì. Bàbá mi lọ búra ní kóòtù, nítorí wọ́n sọ fún un pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìyá mi nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀ gidi. Ó ní, "Ọdún mẹ́rin tí ẹ yọ yẹn, ibo lẹ kó o sí? Ṣé ọdún tí mo bí Káyọ̀dé wà nínú ẹ̀?" A rẹ́rìn-ín. Ó wà nínú ẹ̀ lóòótọ́. Àńkù rẹ Káyọ̀dé, àbúrò mi tí mo fi ọdún méjì jù, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọdún méjì jù mí nínú ìwé.

Nílé, Káyọ̀dé sọ ọ́ di eré. Ẹni tó ń pè mí ní "ẹ̀gbọ́n mi," tó ń sọ pé "ẹ kú àárọ̀," á jókòó sórí àga bàbá wa, á na ẹsẹ̀: "Àbúrò, wá bọ́ bàtà fún mi. Tí o bá jẹ́ kí n pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo máa fẹjọ́ ẹ sun kóòṣì." Ìyá wa á ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun ya wèrè.

Ní káǹpù ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n mú mi lọ, kì í ṣe eré. Àwọn tí mo fi ọdún mẹ́ta jù ń pè mí ní "ìwọ," wọ́n ń rán mi lómi, èmi sì ń dá wọn lóhùn pé "ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n." Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé. Ọ̀kan nínú wọn gbé bàtà mi, mo ní, "Gbé e sílẹ̀, àbúrò." Gbogbo yàrá yíjú wò mí. Mo yára rẹ́rìn-ín, mo ní àwàdà ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro "ẹ" àti "o" kí n tó la ẹnu. Yorùbá tí mo fi sunkún béèrè ọmú wá di èdè tí mo ń túmọ̀ nínú orí kí n tó sọ ọ́. Ọmọ mi, ọdún tí ènìyàn bá yọ kúrò nínú ìwé kì í lọ sí ibì kankan. Ẹnu rẹ̀ ló máa gbé e rù.

Ohun kan ṣì wà nínú àkọ́kọ́ yẹn. Ní ọdún tí mo wọlé, wọ́n fún mi ní àmì ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ tó dára jù. Ọmọ ogún ọdún ń bá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún fò, kí ló ṣòro níbẹ̀? Ẹnì kan wà tí kò rí àyè wọ ẹgbẹ́ nítorí mi. Títí di òní mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ti wá a nínú àwòrán ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n òun ni ẹni tí kò sí nínú àwòrán.

Èkejì, tí n kò sọ fún ọ rí. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí, ìwé ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nígbà tí bàbá mi kú. Mo ti wà ní òkè òkun nígbà náà, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí ìsìnkú ní ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹgbẹ́ mi rán ọ̀gá kan tẹ̀ lé mi. Ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó ń béèrè gbogbo nǹkan, ó sì ti béèrè orúkọ gbogbo wa bí a ṣe tẹ̀ léra. Mo kọ Káyọ̀dé ṣáájú, mo kọ ara mi tẹ̀ lé e. Kí ni mo tún fẹ́ kọ?

A dé ẹ̀gbẹ́ ibojì. Pásítọ̀ ní kí àkọ́bí wá kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀. Ọ̀gá oníkámẹ́rà gbé kámẹ́rà sókè. Mo fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, mo sì fọwọ́ ti Káyọ̀dé síwájú. Ó yíjú wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni." Mo sọ ọ́ ní ohùn kékeré pé kó ṣe bí mo ti wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, arúgbó tí kò gbọ́ nípa bọ́ọ̀lù rí, pariwo: "Ẹ dúró ńbẹ̀! Láti ìgbà wo ni àbúrò ti ń ṣíwájú ẹ̀gbọ́n débi yẹ̀pẹ̀ bàbá wọn?"

Ẹnì kan dì í lápá: "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni."

"Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù? Ṣé bọ́ọ̀lù ló kú ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, Káyọ̀dé kò pè mí ní àbúrò mọ́, kódà nígbà tí mo fẹ́ kó ṣe é kí ara ilé lè yá gágá. Ìmọ̀ràn mi níbí kò gùn. Ejẹ́ńtì á sọ fún ọ pé ìwé lásán ni. Ìwé lásán náà á máa tẹ̀ lé ọ dé ibi tí ìwé kò yẹ kó dé.

Ẹ̀kẹta ni orúnkún mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbà rò pé mo ṣubú ni. N kò ṣubú. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ẹgbẹ́ wo àwòrán egungun mi, ó wo ìwé mi, ó tún wo ojú mi, ó sì ní kí ògbufọ̀ bi mí pé ta ló ni orúnkún yìí. Ó ní orúnkún náà dàgbà jù mí lọ. Ẹnu mi ló yẹ kó là lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá sọ òótọ́, wọn ì bá dín iṣẹ́ mi kù, wọn ì bá jẹ́ kí n sinmi. Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá fi mí sínú ìdánrawò àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, nítorí wọ́n ní ọmọdé ni mí, ara mi á tètè gbà á. Ara kì í kàwé, Àṣàkẹ́. Láàárín ọdún méjì, mo fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ pé, "Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀lẹ ni." Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí, mo ti sáré títí egungun fi ń ha ara wọn, mi ò sì lè gbèjà ara mi lójú ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin báyìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń kọ mí lóminú, nítorí n kò fẹ́ fi irọ́ mìíràn gbà ọ́ nímọ̀ràn. Òótọ́ lo sọ: irọ́ yẹn ló ra ilé yìí. Bóyá bí n kò bá yọ ọdún mẹ́rin, mo ṣì ń jó irin ní Ọ̀jọ́. Bóyá inú mi ì bá sì dùn. Ọ̀gá mi kú sí ilé ara rẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì pé. Mi ò mọ ẹni tí mi ò dà. Mo tún ti bi ara mi pé, ṣé kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ọ́ wẹ ara mi mọ́, kí ìwọ pàdánù kí ẹ̀rí ọkàn tèmi lè sùn? Mo yẹ ìyẹn náà wò dáadáa. N kò lè búra pé kò sí díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí mo rí sí ìbéèrè rẹ nìyí: nígbà tí bàbá mi fọwọ́ sí tèmi, kò mọ ohun tó ń fọwọ́ sí. Èmi mọ̀. Ìyàtọ̀ àárín tiwa nìyẹn, ó sì tó.

Ẹ̀kẹrin rèé: ohun kan wà tí n kò ṣiyèméjì nípa rẹ̀ rárá, ìyẹn ni ọwọ́ rẹ. Mo ti bá ọ̀pọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú mẹ́ta, mo sì mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lóòótọ́, báwo lo ṣe ń gbá a? Rántí o. Eré ni ṣáá. O máa ń sáré dé abẹ́ apẹ̀rẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó gbéra, bọ́ọ̀lù á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọdún yẹn náà lo fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ lo fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí ò ń fi bírò yàwòrán ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dúró sí. Nígbà tí o padà wọlé, o ti kọ́ bí a ṣe ń dúró. O máa ń gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, o máa ń wo ọ̀tún, o sì máa ń jù ú sósì sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé, ẹnì kan á sì dé ibẹ̀. Ìyẹn ni ẹgbẹ́ yẹn rí nínú fídíò tí wọ́n fi ní kí o wá. Ọdún mẹ́ta tí ejẹ́ńtì ní kí a yọ yẹn, inú rẹ̀ gan-an lo ti kọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sanwó fún. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà rẹ ni wọ́n fẹ́ rà. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ dáná sun ún.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Má gba ọwọ́ ejẹ́ńtì. Kọ̀wé sí kóòṣì ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ. Sọ fún un pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọ́, sọ ohun tí oṣù mẹ́jọ yẹn kọ́ ọ, kí o sì bi í bóyá àyè wà fún irú rẹ. Ó lè ní rárá. Bó bá ní rárá, á dùn ọ́, á dun èmi náà, ṣùgbọ́n ìwọ gan-an ló máa sọ rárá fún. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ gan-an náà ló gbà. Mo gbàgbọ́ pé ẹnì kan á gbà, bí kì í bá ṣe òun.

Bí o bá sì lọ, ibi yòówù kó jẹ́, àwọn nǹkan kéékèèké wà. Mi ò ka nọ́ńbà mọ́. Má fọwọ́ sí ìwé tí o kò kà tán, kí o sì kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún ọ sí bí o bá fara pa. Má gba abẹ́rẹ́ kankan ṣáájú ìdíje láì béèrè orúkọ rẹ̀. Kọ́ èdè wọn, pàápàá èyí tí wọ́n fi ń bú ènìyàn, kí o lè mọ ìgbà tó yẹ kí o rẹ́rìn-ín. Sùn dáadáa. Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé kí o má ṣe jẹ́ kí irun rẹ gbẹ, kí o sì máa pè é lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń wàásù lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tó ń ta tẹlifíṣàn ní Alábà mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi ní pápá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà ga, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Mo béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni. Bàbá náà rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tí a jọ mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Kóòṣì, mélòó lẹ̀ ń wá?" Mo fẹ́ bínú sí i. Mo wá rí i pé n kò ní ẹnu. Ìwé tí mo fi ń ṣe kóòṣì fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù mi ló wà nínú rẹ̀.

Mo ti sọ fún ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́. Mo ní mo fẹ́ tún ọjọ́ orí mi ṣe. Ó wò mí títí, ó ní, "Kóòṣì, ta ló bi yín?" Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní wọ́n lè gba àmì ẹ̀yẹ yẹn padà, wọ́n sì lè ní kí n má kọ́ ọmọdé mọ́. Mo ní mo ti rò ó. Ìyá rẹ náà ti gbọ́. Ó ní kò burú, ó ti pẹ́ tí òun ti ń fẹ́ mọ ẹni tí òun fẹ́.

Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ sí kóòtù ní Ọ̀jọ́. Bí mo bá wọlé, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí. Nígbà tí mo bá fi máa jáde, màá ti pé méjìdínlọ́gọ́ta. Ara á ro mí, ṣùgbọ́n mo lérò pé màá lè rìn ín. Màá dúró ní Ìyànà Ìbà títí di aago mẹ́jọ àbọ̀, bóyá o máa fẹ́ bá mi lọ. Bí n kò bá rí ọ, mi ò ní bínú. Màá wọ ọkọ̀ mi lọ.

Èmi bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,

Olúwáfẹ́mi, àkọ́bí ìyá rẹ̀.